Bí Alàgbà Akínpẹ̀lú Ṣe Parí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Nínú Kòtò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ni, ikùn lẹ ó máa dì mú nígbà tí ẹ bá ń pa á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò ni pé ẹnì kan ṣáà ṣubú, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i, wọ́n sì yà bàrá gba ibòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí mò ń sọ yìí jìn sí kòtò ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn tó wà lókè lọ́gbọ́n láti inú ibẹ̀ títí aago kan ọ̀sán fi lù, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti awò lójú. Ẹ sún àga kan sọ́dọ̀ mi, kí n jókòó sọ ọ́.

Ìlú kan ló ń jẹ́ Òkè-Ọ̀pọ̀lọ́. Kò sí òkè níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ló wà. Ọmọ bíbí ìlú náà ni Alàgbà Sólómọ́nì Akínpẹ̀lú, wolé-wolé ìjọba sì ni nígbà tí agbára wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ wolé-wolé. Àwọn ni wọ́n máa ń wọ ilé onílé láìkan ilẹ̀kùn, tí wọn yóò ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tí wọn yóò sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ wò ó bóyá bàbá ilé ti gbẹ́ ṣáláńgá. Ẹni tí kò bá ní ṣáláńgá, kóòtù yá. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni alàgbà fi ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ìlú mẹ́fà. Bí àwọn ìyá bá rí ṣòkòtò kakí rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, wọn á ti máa da omi ìkòkò nù, tòun ti èyí tó mọ́.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò sí ìkòkò ẹni kankan tó tún lè yọjú wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo ìtàn. Ó dá Ẹgbẹ́ Má-Jẹ́-Ó-Parun sílẹ̀, òun sì ni alága. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù ìbílẹ̀. Ẹnì kan yóò sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ìlú, wọn yóò bi í ní ìbéèrè, lẹ́yìn náà wọn yóò jẹ mọ́ínmọ́ín, wọn yóò mu sóbò, wọn yóò sì máa bú ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà ọ̀rọ̀, ẹni mẹ́sàn-án lè máa sùn nínú wọn. Nígbà mọ́ínmọ́ín, Fadékẹ́ akọ̀wé á ka ènìyàn mẹ́rìnlélógún. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbádùn jù lọ́dún náà ni èyí tí alága pe àkọlé rẹ̀ ní "Bí Iná Mànàmáná Ṣe Dé Òkè-Ọ̀pọ̀lọ́, àti Ohun Tó Fà Á Tó Fi Padà."

Àbẹ̀wò ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ onítàn ìlú Ìgbó-Ẹ̀lúlùú pè wọ́n lálejò. Alága tibẹ̀ ni Dókítà Ọ̀jẹ́dòkun. Dókítà màlúù ni o, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè. Dókítà mú wọn dé ìdí òkúta ńlá kan tí ojú ẹsẹ̀ jagunjagun àtijọ́ wà lára rẹ̀, tó fẹ̀ tó ẹnu odó. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ iyán, wọ́n jẹ ẹran ìgalà. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà bọ̀ wálé, kò sí ẹni tó lanu. Ìlara kì í jẹ́ kí ènìyàn lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹran ìgalà.

Oṣù méjì kò tíì pé tí lẹ́tà fi dé. Ogójì ènìyàn láti Ìgbó-Ẹ̀lúlùú ń bọ̀ ní Sátidé ìparí oṣù, "láti wá fi ojú wa rí àwọn ohun àtijọ́ ìlú yín."

Wọ́n sáré pe ìpàdé.

"Ohun àtijọ́ wo la ní?" Alàgbà Akínpẹ̀lú béèrè.

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Alága, ẹ̀yin náà kúkú lẹ gbó jù níbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n alàgbà kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí odindi ìlú mẹ́fà ti bẹ̀rù rí kò fẹ́ kí àlejò wá fojú di òun nílé òun. Bí àwọn ará Ìgbó-Ẹ̀lúlùú bá wá, tí wọn kò sì rí nǹkan kan, ó mọ̀ pé Má-Jẹ́-Ó-Parun ti parun nìyẹn.

Ó mú ọ̀pá oparun tó ti ń lò láti ìgbà iṣẹ́ wolé-wolé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìlú. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń wọ inú àlapà, tó ń fi ṣòkòtò kó èèmọ́ jáde. Lọ́jọ́ karùn-ún, ní ìsàlẹ̀ ìlú, lẹ́yìn ilé Màmá Àwẹ̀ró, opó arúgbó kan tó ń sin ewúrẹ́, ó rí kòtò kan nínú koríko. Ó rí roboto, ó jìn, ògiri rẹ̀ sì le bí òkúta. Alàgbà rántí nǹkan kan. Ìyá ìyá rẹ̀ ti sọ fún un rí pé nígbà ogun, Balógun Ajàkáyé sá pamọ́ "sí ìsàlẹ̀." Ìyá náà kò sọ ìsàlẹ̀ ibi tó jẹ́. Ó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ odò, ó sì lè jẹ́ ìsàlẹ̀ ibùsùn. Ṣùgbọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, alàgbà ti ń wí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú kòtò yìí. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ó dá òun lójú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti kọ ọ́ ní ojú ìwé méjìlá.

Fadékẹ́, tó ń tẹ̀wé fún aráyé lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ló bá a tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tán, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti bi Màmá Àwẹ̀ró? Ẹ̀yìnkùlé wọn ni."

"Màmá ewúrẹ́? Kí ni ewúrẹ́ mọ̀ nípa Balógun?"

"Kì í ṣe ewúrẹ́ ni kí ẹ bi, Bàbá. Màmá ni."

"Fadékẹ́, ìwé ni mo ní kí o tẹ̀."

Fadékẹ́ to ìwé náà jọ, ó fi lé e lọ́wọ́.

Sátidé pé. Bọ́ọ̀sì méjì gbé àwọn ará Ìgbó-Ẹ̀lúlùú dé. Dókítà Ọ̀jẹ́dòkun ló ṣáájú wọn, ikùn rẹ̀ ló sì ṣáájú òun náà. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n kí ilé, wọ́n kí ọ̀nà, wọ́n kí oòrùn, gbogbo wọn sì wọ́ tẹ̀lé alága lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú.

Alàgbà Akínpẹ̀lú dúró sí ìdí igi ìyeyè kan, ó kọjú sí àlejò, ó kẹ̀yìn sí kòtò. Ó ti rò ó dáadáa. Ó fẹ́ kí ojú gbogbo wọn wà lára òun títí òun yóò fi fi ẹ̀yìn rìn dé ẹnu rẹ̀, kí òun wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì, kí wọ́n rí i gbàgàdà, kí ẹnu yà wọ́n. Ó ti ka ẹsẹ̀ rẹ̀ lánàá, ogún ìṣísẹ̀ géérégé. Ṣùgbọ́n ogún ìṣísẹ̀ ẹni tó ń lọ síwájú kò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn, pàápàá bí inú rẹ̀ bá ń dùn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn, "ẹ bá mi padà sẹ́yìn, sí ayé àwọn baba ńlá wa." Ó tún gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká túbọ̀ padà sẹ́yìn sí i."

Fadékẹ́ ti rí i. "Bàbá, ẹ wo ẹ̀yìn!"

"Ẹ̀yìn náà là ń wò láti àárọ̀!" ni alàgbà fi dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. "Kí ni ìtàn bí kò ṣe wíwo ẹ̀yìn?"

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, ẹ̀yìn yín!"

"Ẹ̀yìn mi, ẹ̀yìn rẹ, ẹ̀yìn gbogbo wa pátá..."

Gbì!

Igi ìyeyè wà níbẹ̀. Oòrùn wà níbẹ̀. Alága kò sí níbẹ̀ mọ́.

Orí ewé gbígbẹ àti pòròpórò àgbàdo tí wọ́n ti ń dà síbẹ̀ láti ọdún gbọ́ọrọ ni alàgbà bọ́ sí. Ó fọwọ́ kan orí, orí wà. Ó fọwọ́ kan ìbàdí, ìbàdí wà. Awò ṣì wà lójú rẹ̀, ìwé méjìlá ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀pá oparun sì wà lọ́wọ́ òsì. Kò sí ibi tó ń dùn ún àfi ojú tó ń tì í. Nígbà tó wòkè, ó rí ojú ọ̀run ní roboto bí àwo, orí ènìyàn bí ogójì sì yí etí àwo náà ká.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò bá ti figbe ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe alága fún ọdún mẹ́sàn-án kì í mọ bí wọ́n ṣe ń ké gbà mí. Alàgbà tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó na ọ̀pá oparun sókè, ó ní:

"Báyìí gan-an ni Balógun Ajàkáyé ṣe wọlé!"

Ìpàtẹ́wọ́ sọ gèè. Dókítà Ọ̀jẹ́dòkun yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ẹ ò rí onítàn bí? Èmi tí mo mú ènìyàn dé ìdí òkúta, ǹjẹ́ mo gun òkúta náà fún wọn?"

Alàgbà ṣí ìwé rẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ sì wá wo iṣẹ́ kòtò: ohùn rẹ̀ tó máa ń mú ènìyàn mẹ́sàn-án sùn nínú gbọ̀ngàn wá ń dún bí ààrá. Fadékẹ́ kúnlẹ̀ sí etí kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?"

Alàgbà fi ìwé bo ẹnu, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Àkàbà. Má pariwo."

Ṣùgbọ́n kòtò náà kò mọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "ÀKÀBÀ" jáde síta, ó gba etí gbogbo ènìyàn kọjá.

"Alága," Dókítà pè é, "kí ni Àkàbà?"

Alàgbà ronú, ìrònú náà kò sì gùn. "Àkàbà... Àkàbà ni orúkọ ẹṣin Balógun!"

"Ẹṣin wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú kòtò yìí?"

"Ẹṣin kékeré ni."

Fadékẹ́ ti dìde, ó ti sáré lọ wá àkàbà. Alàgbà ka ìwé lọ títí ó fi ku ojú ìwé kan ṣoṣo, Fadékẹ́ kò sì tíì dé. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ẹnì kan yóò ní kí òun jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe sọ fún wọn pé kí wọ́n máa béèrè ìbéèrè.

"Ọjọ́ mélòó ni Balógun fi wà níbẹ̀?" obìnrin kan béèrè.

Ọjọ́ mẹ́ta ló wà nínú ìwé. Alàgbà wo ẹnu kòtò, kò rí Fadékẹ́. "Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún," ó ní.

"Hàà! Kí ló wá ń jẹ?"

"Àwọn ará ilé rẹ̀ ń fi okùn sọ oúnjẹ kalẹ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ obìnrin náà lára. Ó gba mọ́ínmọ́ín méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ìjẹun, ó dì í sínú ìborùn, ó so okùn ewúrẹ́ mọ́ ọn, ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ jẹ ẹ́, Alága, ká rí bó ṣe rí." Alàgbà jẹ ẹ́. Bó ṣe ń gbé e mì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ìròyìn kì í jókòó sójú kan. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ gbọ́ pé alàgbà kan wà nínú ilẹ̀ tó ń sọ ìtàn, wọ́n yà. Àwọn mẹkáníìkì fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní títú. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tó ń fi orin dánra wò ní òdìkejì ọ̀nà wá pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́. Àwọn kan gun igi ìyeyè. Àwọn tí Fadékẹ́ ti ń fún ní ìwé ìpè láti ọdún mẹ́sàn-án tí wọn kò wá rí, wọ́n ń ti ara wọn sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n lè gbọ́ ìtàn ìlú wọn. Alàgbà kò rí wọn o, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ariwo ẹsẹ̀. Láìka pé kò mọ bí òun yóò ṣe jáde, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó fi ìyàwó méjì kún Balógun. Ó fi adìẹ kún un.

Fadékẹ́ dé ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀. Àkàbà kan ṣoṣo tó rí nílùú ni ti ilé iṣẹ́ mànàmáná, èyí tó ti wà ní fífi ti ògiri láti ọjọ́ tí iná ti padà sí ibi tó ti wá. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Alàgbà gbé ẹsẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kìíní, ó ṣẹ́ pẹ́ú. Ó gbé e lé ìkejì, ìyẹn di lẹ́búlẹ́bú. Ikán ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ṣé Àkàbà nìyẹn?" ọkùnrin kan béèrè lórí igi.

"Rárá," ẹnì kejì rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹṣin ni Àkàbà. Gàárì ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyẹn yóò jẹ́."

Nígbà náà ni mùsùlùmí àgbà kan láàrin àwọn àlejò, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kan ni mo fẹ́ mọ̀. Báwo ni Balógun ṣe jáde?"



Alàgbà yí ojú sí ògiri kòtò bí ẹni tó ń ronú jinlẹ̀, ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì rí ohun kan. Lábẹ́ koríko tó bo etí kòtò, sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀ tó yí ẹnu rẹ̀ ká. Ní ìsàlẹ̀ sìmẹ́ńtì náà, níbi tí ẹni tó bá wà nínú kòtò nìkan ti lè rí i, wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Ayọ̀ kò jẹ́ kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ó kígbe. "Ìwé wà níbí! Balógun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀!"

Ariwo sọ lókè. "Ẹ kà á! Ẹ kà á! Ẹ kà á!"

Alàgbà bọ́ awò, ó nù ún, ó fi í padà, ó sún mọ́ ọn. Ó kọ́kọ́ rí K. Ó rí Ò. Nígbà tó dé orí J, ó dúró. Ìrù J náà gùn, ó sì ká kò bí ìrù ọ̀bọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ J bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú mẹ́fà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: KÒ JÌN TÓ. S.A.

S ni Sólómọ́nì. A ni Akínpẹ̀lú.

Ara rẹ̀ ti ṣubú ní aago mẹ́wàá. Ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a nísàlẹ̀ ni. Ó rántí. Ọdún tí owó náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Sìmẹ́ńtì náà ṣì tutù, ìṣó wà lọ́wọ́ òun ọ̀dọ́mọkùnrin nínú ṣòkòtò kakí, ọkùnrin kan sì dúró níwájú òun pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, tí òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀, tó ń bẹ òun. Òun sì ń rẹ́rìn-ín.

"Alága, kí ló kọ?" Dókítà ń béèrè. "Ẹ má fi pa wá!"

Irọ́ ti dé ẹnu alàgbà. Ó fẹ́ sọ pé ó ti pẹ́ jù, kò ṣeé kà mọ́. Ibẹ̀ ni ohùn kan ti sọ láti òkè, ohùn arúgbó tó tinrin:

"Bí kò bá lè kà á, ẹ jẹ́ kí n bá a kà á. N ò mọ̀wé o, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Màmá Àwẹ̀ró ni. Ó ti lọ já ewé fún ewúrẹ́ láti àárọ̀. Ìgbà tó dé ló bá odindi ìlú ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Wọ́n lànà fún un. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tọ́ ara rẹ̀ dé etí kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì bi wọ́n pé kí ni wolé-wolé ń wá nínú ṣáláńgá ọkọ òun.

"Ṣáláńgá?" ogójì ènìyàn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ogójì ọwọ́ sì bo ogójì imú.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò, ẹnikẹ́ni kò lò ó rí. Ṣé ó jẹ́ ká lò ó ni? Ó dé bá wa nínú ilé, ó ní bí a kò bá gbẹ́ ṣáláńgá, kóòtù. Láníhùn ọkọ mi gbẹ́ ẹ. Ó wá pẹ̀lú oparun yẹn, ó fi wọ̀n ọ́n, ó ní kò jìn tó. Láníhùn tún gbẹ́ ẹ. Ó ní kò jìn tó. Ìgbà kẹta tí ọkọ mi wọ inú rẹ̀, ó ní, 'Àwẹ̀ró, bí o bá ń gbọ́ ẹ kú iṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ ayé ni mo ti bá yẹn o.' A fi sìmẹ́ńtì yí ẹnu rẹ̀ ká, a ní bóyá ẹwà rẹ̀ yóò tù ú lójú. Ó fi ìṣó kọ ọ́ sí i lára pé kò jìn tó. Inú bí Láníhùn, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sóko. Kí wolé-wolé tó mú un lọ sí kóòtù ni ìjọba gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ibẹ̀ ni mò ń da pòròpórò sí láti ọjọ́ náà."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí i. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

"Wolé-wolé, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Ṣé ó ti wá jìn tó?"

Alàgbà wo ògiri tó yí i ká. Ó wo àkàbà tó ti di lẹ́búlẹ́bú. Ó ká ojú ìwé méjìlá náà, ó fi í sí àpò. Ó ṣí fìlà.

"Ó jìn tó, Màmá," ó ní. "Ó jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló ti jìn tó. Mo kàn fẹ́ràn láti máa sọ pé kò jìn tó ni. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Láníhùn níbi tí wọ́n bá wà." Ó gbé ojú sókè sí àwọn tó kù. "Ẹ̀yin àlejò mi, Balógun kò wọ ibí yìí rí. Kò sí ẹṣin. Mo jìn sí kòtò ni, mo sì ń purọ́ láti aago mẹ́wàá kí ẹ má bàa mọ̀ pé mo jìn sí kòtò."

Màmá Àwẹ̀ró wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ẹkún ni, àfi bí ẹ̀rín ṣe bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ọmọge, ẹ̀rín tó ti wà nípamọ́ láti ọdún tí náírà dé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Fadékẹ́ gbà á, àwọn akọrin gbà á, àwọn mẹkáníìkì ń lu ara wọn lẹ́yìn, ẹnì kan já bọ́ láti orí ìyeyè, kò sì dákẹ́ ẹ̀rín. Nínú kòtò, alàgbà náà ń rẹ́rìn-ín, kòtò sì ń bá a sọ ọ́ di ńlá.

Dókítà Ọ̀jẹ́dòkun ń fi fìlà nu omijé. "Mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi náà," ó ní. "Ojú ẹsẹ̀ tó wà lára òkúta wa yẹn, èmi àti bíríkìlà kan la mú un gbòòrò díẹ̀."

"Díẹ̀ wo, Dókítà?" obìnrin tó fi mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́ dá a lóhùn. "Kò ju ìka ọwọ́ kan lọ tẹ́lẹ̀!"

Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n rí èémí mí, mùsùlùmí àgbà yẹn ní, "Ó dáa náà, kò sí Balógun. Alága ńkọ́? Báwo ni alága yóò ṣe jáde?"

"Ṣé kò mọ ọ̀nà ni?" Màmá Àwẹ̀ró béèrè. "Kí ló dé tí kò bi mí? Báwo lẹ rò pé Láníhùn ṣe ń jáde, ṣé ó ń fò ni? Wolé-wolé, yí padà. Kó pòròpórò yẹn kúrò lára ògiri."

Alàgbà yí padà, ó kó o kúrò. Ihò ẹsẹ̀ mẹ́fà ló wà lára ògiri tó le bí òkúta náà, ọ̀kan lé ọ̀kan, tí Láníhùn fi ọkọ́ gbẹ́ dáadáa bí àtẹ̀gùn ilé ọlọ́rọ̀. Odindi wákàtí mẹ́ta ni alága ti fi kẹ̀yìn sí i. Ó gun ìkíní, ó gun ìkejì; nígbà tó dé òkè, ọwọ́ Màmá Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ dì mú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko fún un, àgbà tòun ti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Àgbàlá Màmá ni wọ́n ti jẹun lọ́jọ́ náà. Kò sí ìgalà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Wọ́n bẹ Màmá kó wá sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn lóṣù tó ń bọ̀, ó ní òun yóò wá bí wọ́n bá gba ewúrẹ́ òun láyè. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, Dókítà Ọ̀jẹ́dòkun ló dìde lórúkọ àwọn àlejò, ó fọwọ́ lé ikùn.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń lọ sí ìpàdé àwọn onítàn," ó ní. "Mo ti rí àwọn tó dúró sórí pèpéle gíga, tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di àṣálẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ nǹkan kan. Òní ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tó jìn sí kòtò, tó sì kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n."

Àwọn tó wà níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Ẹ sì mọ bí àwọn àgbà ti rí: wọn kì í fẹ́ kí òwe gùn. Wọ́n yọ ṣáláńgá kúrò nínú rẹ̀ nítorí àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n yọ mọ́ínmọ́ín, wọ́n yọ ẹṣin kékeré, wọ́n sì yọ orúkọ alàgbà nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ ìyàwó. Ohun tó ṣẹ́ kù tí wọ́n ń pa fún wa títí di òní ni pé: ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.